Yanrìn Tí Mo Sọ Pé N Kò Rí

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń kọ̀wé sí irú ojú ìwé báyìí. Bí mo bá rí i tí àwọn ẹlòmíràn ń tú àṣírí ara wọn síbẹ̀, ńṣe ni mo máa ń ká ìwé náà pọ̀, tí n ó sì sọ pé ilé kò kọ́ wọn. Lónìí, èmi náà ti mú kálàmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún kan péré ni ó kù kí n pé ọgọ́rin. Ẹrù kan wà lọ́rùn mi tí ó ti lé ní ogún ọdún. Irọ́ kan ni. Kò gùn rárá. Mo pa á níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo wọn sì gbà mí gbọ́. Irọ́ náà ba orúkọ ọkùnrin kan jẹ́. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí, n kò sì lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Cow Lane ni wọ́n bí mi sí, ní àárín Accra níhìn-ín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n ni mo lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi rúlà lu ìka ọmọ tí ó bá kọ lẹ́tà kan wọ́. Mo di olùkọ́, mo sì fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tún máa ń kó àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí síbí jọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí n lè kọ́ wọn ní kíka èdè bàbá wọn àti kíkọ ọ́, nítorí pé gbígbọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́, ẹnu wọn kò yọ̀ mọ́ ọn. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́, wọn a ní, "Ẹ bi Tíṣà. Òun kì í purọ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo pinnu láti dá ilé ìlọgbàdo sílẹ̀ ní Kotobabi, nínú ọgbà ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Nika-nika ni wọ́n ń pè é níbí. Àwọn obìnrin tí ń ṣe kẹ́nkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tí àwọn Gá ń jẹ, pọ̀ ní àdúgbò wa, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì ń ru àgbàdo rírẹ lọ. Ọlọ irin kò ṣòro láti rí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí yóò máa yí i ni ó ṣòro.

Alága ẹgbẹ́ wa ń ta ẹ̀rọ ní Abossey Okai. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti di olóògbé. Ó kó àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké kan dé láti òkè òkun. Wọ́n ṣe wọ́n ní àfarawé irú kan tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa: sìlíńdà kan ṣoṣo, wíìlì irin ńlá méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ọwọ́ ni a fi ń yí i kí ó tó gbéra. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tí wọ́n kùn ún ń dán. Mo gba ìwé àlàyé tí ó bá a wá, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí àṣìṣe kan nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà gún régé ni mo ṣe gbà pé ẹ̀rọ náà gún régé.

N kò sì rà á kí n dákẹ́. Mo dìde nínú ìpàdé, mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ náà bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọ́. Opó kan wà láàárín wa, Ìyá Bíntù, tí òun náà fẹ́ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nima. Ó bi mí pé, "Tíṣà, ṣé kí n rà á?"

Mo ní, "Rà á. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó lọ sanwó fún tirẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Mo ránṣẹ́ pe Làmídì kí ó wá bá mi gbé tèmi kalẹ̀. Ọmọ àáfà kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Cow Lane ni. Ó wà lára àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ti wá di géńdé, ó ti di mẹkáníìkì, èyí tí a ń pè ní fítà ní ìlú yìí. Ó ní àyè tirẹ̀ ní ìlà àwọn fítà ní Abossey Okai. Ó dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú sípánà kankan jáde. Ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó mú sukudíráfà gígùn kan, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ̀rọ, ó fi ìdí rẹ̀ sí etí, ó wá ń fi ọwọ́ kejì yí wíìlì náà díẹ̀díẹ̀. Ó di ojú.

"Màámi," ó ní, "ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀rọ yìí o."

"Kí ló dé?"

"Ó ń jẹ yanrìn."

Inú bí mi. "Làmídì, ẹ̀rọ tuntun ni! Ojú mi ni wọ́n ṣe já a nínú àpótí."

"Mo mọ̀, mà. Wọ́n ti ṣe é lóòótọ́. Wọn ò tíì parí ẹ̀ ni."

Ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà lára ikùn ẹ̀rọ náà, nǹkan bí ìbú àwo oúnjẹ. Ó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ṣí i, ó ti ìka méjì bọ inú. Ó ní kí n la ọwọ́. Ó da nǹkan dúdú kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, tí epo ń dán lára rẹ̀. Mo fi ìka ra á. Ó ha mí lára bí ìyẹ̀fun ìgò.

Ó ṣàlàyé fún mi pé inú yanrìn ni wọ́n ń da irin yíyọ́ sí kí ó lè di ìrísí tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọ yanrìn ọ̀hún kúrò pátápátá. Àwọn tí wọ́n ṣe tèmi kò fọ nǹkan kan. Wọ́n kun ọ̀dà lé yanrìn lórí, wọ́n dì í, wọ́n fi ránṣẹ́.

"Bí ẹ bá fi ṣiṣẹ́ báyìí," ó ní, "yóò dùn létí yín fún oṣù kan. Yóò wá lọ ara rẹ̀ bí ẹ ti ń lọ àgbàdo."

Ìyẹn ni bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà, lábẹ́ igi dóńgóyárò inú ọgbà mi. Mo gbé àga jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní kí n lè ṣọ́ ọ. Kí n má purọ́ mọ́, ìṣọ́ ni mo bá débẹ̀ ní ti tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, n kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyanu ni mo ń wò.

Ó tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó to gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ náà sórí rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, bí a ti ń to ọmọ sí ìlà ní àárọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ọ̀kan tí kò gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó mú wáyà tín-ín-rín, ó tì í bọ ihò tí epo yẹ kí ó máa gbà dé abẹ́ ọ̀pá tí ń yí. Wáyà náà lọ díẹ̀, ó sì dúró. Ó fà á yọ, ó wọn ọ́n mọ́ ìka rẹ̀, ó mi orí.

"Ẹni tó ń lu ihò yìí lọ jẹun," ó ní. "Kò padà wá mọ́."

Ó parí ihò náà fún un. Ó fi fáìlì gé gbogbo etí irin tí ó mú bí abẹ. Wíìlì kan ń mì bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì. Ó wá ìdí rẹ̀ rí, ó tún un jókòó.

Ní ọjọ́ kan ó bi mí bóyá mo ní búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Mo fún un. Ó pò ó mọ́ epo, ó fi pa ọ̀pá náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gbé e sínú bẹ́árìn, ìyẹn àga irin tí ọ̀pá náà ń jókòó sí tí ó fi ń yí. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e jáde, ó pè mí wá wò ó. Ibi méjì péré ni búlúù kàn nínú bẹ́árìn náà. Ó ní ibi méjì yẹn nìkan ni irin ti ń kan irin, gbogbo ìyókù ń ṣe bí ẹni pé wọ́n wà níbi iṣẹ́. Ó mú ọ̀bẹ kan, ó fá ibi méjì náà. Ohun tí ó fá kúrò fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Ó tún pa búlúù. Ó tún yí i. Ó tún fá a. Mo kà á dé ogójì, mo sì dẹ́kun kíkà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé ọ̀pá náà jáde, búlúù sì ti tàn ká inú bẹ́árìn náà láti etí dé etí, láìsí àlàfo kan.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni mo ti kọ́. N kò rántí ọ̀kan ṣoṣo tí mo fi irú sùúrù yẹn bá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọmọ tí mo ti fi rúlà lù nítorí pé kò fi àmì sórí lẹ́tà ni ó jókòó níwájú mi yìí, tí ń ṣe ohun tí ojú mi kò rí rí.

Àwọn obìnrin oníkẹ́nkẹ́ kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Auntie Naa, ọmọ Gá tí ilé rẹ̀ kan tèmi, a máa dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, a sì máa pè mí ní Alátà, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbí. "Ei, Alátà! Ṣé ẹ̀rọ lẹ rà ni, àbí ẹja? Láti ọjọ́ yìí ni ẹ ti ń la ikùn rẹ̀!" Wọn a bú sẹ́rìn-ín. Làmídì náà a rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Láti ìgbà náà ni ìtìjú ti ń hu gbòǹgbò nínú mi.

Nígbà tí ó kan fífọ̀, ó ní kí n fún òun ní aṣọ funfun. Mo mú àpò ìrọ̀rí mi kan jáde. Ó fi kẹrosíìnì fọ ikùn ẹ̀rọ náà, ó fi aṣọ náà nù ún, ó fi hàn mí: dúdú. Ó tún fọ̀ ọ́. "Bí aṣọ bá wọlé ní funfun, tó tún jáde ní funfun, a ti parí nìyẹn." Gbogbo yanrìn tí ó ń jáde, inú agolo mílíìkì kan ni ó ń kó o sí. Nígbà tí aṣọ náà jáde ní funfun, agolo náà kún dé etí.

Ó wo agolo náà fún ìgbà díẹ̀. "Màámi, ti Ìyá Bíntù ńkọ́? Irú kan náà ni. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé, kí wọ́n má tíì yí tiwọn. Ẹ ó ṣáà jẹ́rìí mi."

Mo ní, "Èmi yóò jẹ́rìí rẹ."

Ní ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn kún. Làmídì wọ aṣọ tí ó mọ́, ó gbé agolo mílíìkì náà sórí tábìlì níwájú Alága. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, ó ń fi Twi dí àlàfo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ènìyàn. Ó bẹ gbogbo ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n dúró. Ó ní òun yóò bá wọn fọ̀ ọ́, òun kò ní gba kọ́bọ̀.

Alága fi ìka ro yanrìn náà, ó rẹ́rìn-ín. "Yanrìn! Ṣé yanrìn wọ́n ní Kotobabi ni? Fítà tí ò ríṣẹ́ ṣe bu yanrìn lẹ́bàá gọ́tà, ó da epo sí i, ó ní inú ẹ̀rọ mi ló ti wá!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tí kì í purọ́. Tíṣà, ọgbà yín ló ti tú u. Ṣé ojú yín ló ṣe?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ìyá Bíntù jókòó ní iwájú mi gan-an, ó yí ọrùn padà, ó ń wò mí. Mo rántí ohun tí mo sọ fún un. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, níwájú yanrìn yẹn, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé kí ni mo yẹ̀ wò nígbà náà? Kí ni n bá sọ? Pé ìwé ni mo kà?

Mo dìde. Mo tún gèlè mi ṣe. Mo ní, "N kò sí níbẹ̀. Inú ilé ni mo wà. N kò mọ ibi tí ó ti bù ú."

Ìyẹn ni irọ́ náà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Làmídì kò jiyàn. Ó wò mí bí ọmọ ilé ìwé tí ó rí i pé olùkọ́ òun ni ó ṣi ìṣirò náà, tí kò sì mọ bí a ti ń sọ ọ́. Ó bo agolo rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Màámi," ó sì jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tí ó kù, nítorí òun ni ó ń bà mí lẹ́rù jù lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ tí wọ́n kan géètì. Làmídì ni, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ náà ò ṣẹ̀ mí, mà."

Ó jókòó sábẹ́ igi náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tò ó padà. Kò yára, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi tò ó. Kí ó tó de ilẹ̀kùn kékeré yẹn mọ́ ikùn rẹ̀, mo gbọ́ ìró òòlù, kó, kó, kó, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fún ìgbà pípẹ́. N kò béèrè. Mo rò pé etí irin kan ni ó ń tẹ́.

Ó ní, "Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa ti tú epo dúdú jáde, òkè ni kí ẹ máa ti da tuntun sí i. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yìí àyàfi bó bá nídìí." Ó wá di ọwọ́ ìyí mú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà hú. Ó tún hú. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀: tuku, tuku, tuku, bí ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ le. Làmídì bu omi sí kọ́ọ̀bù kan, ó gbé e sórí ẹ̀rọ náà bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ojú omi náà ń wárìrì bí awọ ara tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan kò dà sílẹ̀. Auntie Naa tí ó ti sáré wá láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Irin tí àwọn kan fi àìbìkítà dà, tí wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú ọ̀bẹ àti búlúù aṣọ fífọ̀ sọ ọ́ di ohun alààyè.

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé náà kò dúró sí gbọ̀ngàn. Alága gbé e dé Abossey Okai. Wọ́n ní Làmídì ni ó ń da yanrìn sínú ẹ̀rọ tuntun kí ó lè ríṣẹ́ ṣe, wọ́n sì ní Tíṣà fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́rìí sí i. Àwọn àgbà fítà gba àyè rẹ̀ ní ìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́, mo gbọ́ pé ó ti kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Kùmásì.

Ẹ̀rọ Ìyá Bíntù ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó há, irin inú rẹ̀ kan ṣẹ́, ó sì lu ara ẹ̀rọ náà jáde. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ó bà á. Kò rí òmíràn rà. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń gbé ata àti àgbàdo rẹ̀ wá. Ó máa ń dúró níwájú ẹ̀rọ mi, yóò gbọ́ bí ó ti ń kọrin, yóò ní, "Orí yín yàtọ̀, Tíṣà. Tèmi ni ò dáa." Mo máa ń fi orí dáhùn. Fún ogún ọdún ó lé, mo ń fi orí dáhùn. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí àwọn ènìyàn bá bi mí pé kí ni mo ṣe tí tèmi fi pẹ́, mo máa ń sọ pé ìtọ́jú ni, pé mo ka ìwé rẹ̀ dáadáa.

Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń sọ òtítọ́ létí mi. Kò tíì parọ́ lọ́jọ́ kan.

Ní oṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín funfun, agbára rẹ̀ sì dín kù. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n bá mi pe fítà láti Abossey Okai. Obìnrin ni ó wá, nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó de ìborí mọ́ ọn. Ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Mo ti mọ ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ kí ó tó dárúkọ ara rẹ̀.

"Èmi ni Ráfíátù, ọmọ Làmídì. Bàbá mi kí yín paa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn níwèé."

Mo béèrè bóyá ó wà láàyè. Ó ní ó wà láàyè ní Kùmásì, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n, kò lè di sípánà mú mọ́. Ó ní nígbà tí òun sọ fún un lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní Kotobabi, ohun kan ṣoṣo ni ó bi òun: "Ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀?"

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń sọ ìròyìn ara rẹ̀. Abẹ́ ẹlòmíràn ni ó ti ń ṣiṣẹ́; ó ti bẹ àwọn àgbà fítà pé kí wọ́n fún òun ní àyè ti ara òun ní ìlà wọn. Wọ́n mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ ẹni tí ń da yanrìn sínú ẹ̀rọ kò lè jókòó láàárín àwọn. Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni wọ́n yóò dájọ́. "Bàbá mi ò lè ṣe é," ó ní. "Àmọ́ wọn ò sọ nǹkan kan fún mi rí. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní ó ti parí."

Ó tú ilẹ̀kùn kékeré náà. Ó yí i padà, ó fi aṣọ nu inú rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ níwèé nílé.

Ìṣó ni Làmídì fi lu ọ̀rọ̀ náà sára irin, ojú ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìṣó. LÀMÍDÌ LÓ TÚN MI ṢE. OJÚ TÍṢÀ LÓ ṢE.

Ó fi gbogbo àmì sí i, bí mo ti kọ́ ọ.

Ráfíátù gbé ojú sókè. "Màámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dárí jì mí. Mo tún ṣe é. Mo ní, "Ó ti pẹ́. N kò rántí mọ́." Mo sì gba ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní èmi yóò fọ̀ ọ́ mọ́. Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, "Yoo, Màámi." Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò padà wá láti wá to ẹ̀rọ náà, kí ó sì de ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni ọgbà mi ti dákẹ́. Àwọn obìnrin ń ru àgbàdo wọn kọjá lẹ́nu géètì mi lọ sí ibòmíràn. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ lè ní ìró tó báyìí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Alága ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe dáadáa sí mi. Ṣé gbọ̀ngàn tí mo ti pa irọ́ náà ni kí n kọ́kọ́ lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà fítà? Ìyá Bíntù ńkọ́, tí ó ti ń bú orí ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Ẹnu wo ni n ó fi sọ fún un? Ṣé arúgbó bíi tèmi lè wọkọ̀ lọ sí Kùmásì, kí ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun fi rúlà lù? Mo mọ̀ pé àṣà wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n eékún mi ń fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n.

Mo wo ohun tí mo kọ sókè yìí, mo sì rí i pé n kò fi orúkọ mi sí i. Ṣé ìpamọ́ mìíràn kọ́ ni èyí? Mo ti wá àpò ìrọ̀rí funfun kan. Mo ti fi nu ilẹ̀kùn irin náà títí aṣọ fi jáde ní funfun, mo sì ti fi dì í. Bí Ráfíátù bá dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, n kò ní jẹ́ kí ó dè é mọ́ ẹ̀rọ kí ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Èmi ni yóò gbé e lé àwọn àgbà náà lọ́wọ́.

Mo ti ń fi ìdáhùn náà kọ́ ẹnu mi bí ọmọ tí ń há iṣẹ́ sórí. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí Alága bi mí ni, èyí tí Ráfíátù náà bi mí.

Mo wà níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe.